Ariwo mẹ́rin nínú Corolla mi: àkọsílẹ̀ àtúnṣe

Sátidé, 11 Ṣẹ́rẹ́ 2025. Máìlì 148,212

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ra mọ́tò yìí. Toyota Corolla 2005 ni, èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE onílítà 1.8, jíà ọtomátíìkì. Ẹni tó tà á fún mi ti wà á fún ọdún mẹ́fà, nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní tòkunbọ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ọmọ Ìbàdàn ni mọ́tò yìí. Ó mọ gbogbo kòtò tó wà láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mókọ́lá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ó dákẹ́ lọ́lọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Nígbà tí mo débẹ̀ mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, mi ò sì béèrè ibi tí mọ́tò náà ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó ni ín mọ̀ pé oníbàárà máa wá. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbé e délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì rí mọ̀ pé "ó ń dún" kì í ṣe àlàyé. Ó ń dún báwo? Níbo? Nígbà wo? Èdè wa ràn mí lọ́wọ́ níbí ju bí mo ṣe rò lọ, torí ẹnu Yorùbá kì í pe irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti irin ńlá ní ohùn kan náà. Ife tánganran a dún kíń, ilẹ̀kùn a dún gbà. Mo wá mú ìwé àwọn ọmọ kan tí wọn ò tíì lò tán, mo ní bí ariwo kọ̀ọ̀kan bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu ni n ó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, n ó sì kọ ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dún.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, mẹ́rin náà ni ariwo tó jáde. Àkọ́kọ́ ni ṣẹ́rẹ́rẹ́rẹ́, bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ọmọdé ń gbọ̀n: ó ń dún tí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí jíà wà ní D, ti ìrìn, tí ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì. Kí n gbé jíà sí N, tí kì í fa táyà, ó dákẹ́. Ìkejì ni kọ̀-kọ̀-kọ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ní ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́ nígbà tí mo bá ń rọra lọ. Ìkẹta ni wùùùù, láti iwájú. Mo dúró sójú kan, mo tẹ iná, ó ń ga sí i, nítorí náà kò kan táyà. Ìkẹrin ni ṣíìì, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Èyí ló wá pẹ̀lú iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí iye yíyí ẹ́ńjìnnì náà ní ìṣẹ́jú kan sì ń lọ sókè-sódò tó bá dúró: 600, 900, 650, 850, bí ẹni tó ń tòògbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mọ́ńdè, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kò gbọ́ ọ ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi dájọ́: timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, ti fẹ́ já, ṣáfùtì méjèèjì tó ń yí táyà iwájú ti lọ. Ó dárúkọ owó kan, mo kí i pé ẹ ṣeun sà, mo wọ mọ́tò mi. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE kò ní timing belt. Ṣéènì ló ní, irin bíi ti kẹ̀kẹ́, nínú ikùn ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún. Ohun tí kò sí nínú mọ́tò, báwo ló ṣe fẹ́ já?

Ká ní mo dúró síbẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n iná yẹ́lò yẹn ń bà mí lẹ́rù. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe sikáànù. Kóòdù tó jáde ni P0171, èyí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ ló ti kú. Bẹ́líjíọ̀mù kan, èyí tí wọ́n ti lò rí, wà lọ́wọ́ rẹ̀, 25,000 náírà. Ó fi í sí i, ó pa kóòdù rẹ́, iná kú, mo yọ̀. Ọjọ́ kẹta iná tún tàn.

Pípa kóòdù rẹ́ kì í ṣe àtúnṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀ o, mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan purọ́ fún mi ni.

Sátidé, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mo gbé e lọ sí Sángo, lọ́dọ̀ Bàbá tó máa ń tún mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Bàbá yìí ti ń tú Peugeot 504 láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń tò ó ní Kàdúná. Kò ní ẹ̀rọ sikáànù kankan, kò sì kórìíra rẹ̀. Mo ka ìwé mi fún un.

"Tíṣà, ṣé mọ́tò lo fẹ́ tún ṣe ni àbí ewì lo fẹ́ ké?"

Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka sí ibi tí mo kọ "tí mo bá gbé jíà sí N, ó dákẹ́", ó mi orí. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ: ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Ó ṣí omi rádíétọ̀ wò, ó mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ pé òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí.

"Jẹ́ kó sùn síbí. Ìgbà tó bá jí ni mo fẹ́ gbóhùn rẹ̀."

Mo wọ mọ́tò èrò délé.

Sọ́ńdè, 19 Ṣẹ́rẹ́

Aago méje àárọ̀ mo ti dé Sángo. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku ti bo gíláàsì. Wọn ò tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ dè mí.

Ṣẹ́rẹ́rẹ́rẹ́ la kọ́kọ́ parí, kò gba àkókò. Wọ́n jáàkì rẹ̀ sókè, wọ́n fi igi gbè é lẹ́sẹ̀, ọmọọṣẹ́ kan wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá páìpù èéfín nígbà tó ṣì tutù: ṣẹ́rẹ́! Awẹ́ páànù tó bo páìpù náà kí ooru má bàa dé abẹ́ ọkọ̀ ló ti jẹ níbi tí nọ́ọ̀tì ti mú un. Tí jíà bá wà ní D tí bíréèkì dì í mú, ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n lọ́nà tó bá ìwárìrì páànù yẹn mu gẹ́lẹ́; ní N, ó yí padà. Wọ́n fi kílíìpù ńlá kan yí páìpù àti páànù po, wọ́n dè é. Ó tán.

Wùùùù ló gbà wá ní àárọ̀. Etí mi ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé láàárín ni, nítòsí jíà, mo sì ti ń fi owó jíà sílẹ̀ lọ́kàn. Bàbá ní kí wọ́n ṣáná sí i. Ó bu omi díẹ̀ sínú ike tí wọ́n ń fi ń fọ́n nǹkan, ó fọ́n ọn sára bẹ́líìtì tó ń yí níwájú. Ariwo náà kò yí padà rárá. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ló ń ké, omi ì bá jẹ́ kó dákẹ́ fúngbà díẹ̀ tàbí kó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ní ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó pa iná. Ó fi sípánà 19 yí ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ó yọ bẹ́líìtì kúrò pátápátá, ó ní kí n tún ṣáná sí i, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó pẹ́, torí bẹ́líìtì kan ṣoṣo yìí ló ń yí pọ́ǹpù omi, alternator tó ń ṣe iná fún bátìrì, pọ́ǹpù sítíàrìn àti ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì sí omi tó ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì báyìí.

Mo ṣáná. Iná bátìrì pupa tàn, bó ṣe yẹ. Wùùùù kò sí mọ́! Bí ìdajì ìṣẹ́jú, mo pa á. Owó jíà tí mo ti ń banú jẹ́ lé lórí padà sí àpò mi níbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà Bàbá pè mí, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi yí púlì kọ̀ọ̀kan. Ti pọ́ǹpù omi: ó lọ geere. Ti sítíàrìn: ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dán. Ti alternator: ìka mi ti mọ̀ kí etí tó gbọ́. Wárawàra-wárawàra, bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ gààrí Ìjẹ̀bú gbígbẹ. Bíárìn inú rẹ̀ ti jẹ. Ó wà lápá ọ̀tún, níwájú, ó jìnnà sí jíà gan-an. Ara irin ẹ́ńjìnnì ni ariwo náà ń gbà rìn títí tó fi ń jáde níbi tí mo rò pé ilé rẹ̀ wà.

"Etí nìkan ò tó," Bàbá ní. Ó na sukudiráífà gígùn kan sí mi. Nígbà tí wọ́n dá bẹ́líìtì padà, mo fi orí rẹ̀ kan ara alternator, mo fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi, a sì ṣáná. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ ẹlẹ́rọ wọ inú agbárí mi. Mo gbé e sí pọ́ǹpù omi: ó dákẹ́. Ẹni tó bá máa dán èyí wò, kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó sì fi okùn ìdánimọ̀ ọrùn rẹ̀ sínú àpò, torí bẹ́líìtì kì í yan ẹni tó máa fà.

Rìwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn tú alternator náà lọ́sàn-án, ó pààrọ̀ bíárìn méjèèjì, ó ní káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ṣì gùn dáadáa. Bẹ́líìtì náà ti là wẹ́wẹ́ nínú, a rà tuntun sí i.

Sátidé, 25 Ṣẹ́rẹ́

Kọ̀-kọ̀-kọ̀. Kí n tó lọ sọ́dọ̀ Bàbá mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ṣáfùtì ti lọ. Mo lọ sí pápá ilé ìwé wa níbi tí kò sí ẹnìkankan, mo yí sítíàrìn sápá òsì dé òpin, mo rọra ń lọ yíká, mo tún ṣe é sápá ọ̀tún. Ṣáfùtì tó ti jẹ lórí máa ń dún ta-ta-ta-ta lọ́nà bẹ́ẹ̀, á sì máa yára bí ọkọ̀ bá ṣe yára. Tèmi ò dún. Mo wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo ń fi ìwọ̀n ara mi tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Kò dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun orí òkúta kékeré kan pẹ̀lú táyà ọ̀tún nìkan, kọ̀!

Ọ̀rọ̀ pé táyà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó dún ló tọ́ka sí i. Irin kan wà tó so apá òsì àti apá ọ̀tún pọ̀ kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan jù ní kọ́nà. Línkéèjì kékeré ló so ìpẹ̀kun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Tí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, línkéèjì náà kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Tí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì dúró, òun ló ń jìyà. Bàbá di ti apá ọ̀tún mú, ó mì ín: ó ń jó nínú ihò rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ.

Mo lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ béèrè bóyá Bẹ́líjíọ̀mù ni mo fẹ́ àbí tuntun. Òfin tèmi nìyí, ẹ lè má gbà á: ohunkóhun tó bá ní rọ́bà tàbí bọ́ọ̀lù tó ń yí nínú, tuntun ni. Èyí tí wọ́n ti lò ní ìlú òyìnbó ti kú ìdajì kó tó wọkọ̀ ojú omi. Mo ra méjì, torí a kì í fi ẹsẹ̀ tuntun kan sí abẹ́ ẹni tó ń tiro kí ẹsẹ̀ kejì má jowú.

Yíyọ ti àtijọ́ ló fẹ́ pa wá. Bí a bá ṣe ń yí nọ́ọ̀tì ni bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń bá a yí, ìpẹ̀kun rẹ̀ tí a fẹ́ ki allen key bọ̀ ti di ìpẹtà yípo. A da epo sí i, a mu mínírà, a padà dé, bákan náà. Sípánà yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo bó lọ́rùn ìka mẹ́ta. Níkẹyìn ayùn irin la fi gé e, ogójì ìṣẹ́jú gbáko lórí nọ́ọ̀tì kan. Ti apá òsì yọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo wà á jáde. Kọ̀-kọ̀ ti kúrò níwájú. Mo dé bọ́ǹpù àkọ́kọ́, mo gbọ́ kọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, níbi tí mo lè búra pé abẹ́ ìjókòó mi ni. Mo padà. Bàbá ò tilẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n ṣí búùtù. Sípánà táyà ló ń yí gbiri nínú kòtò táyà àpọ́jù. Ó fi àkísà wé e, ó padà sídìí ayò tí wọ́n ń ta.

Sátidé, 1 Èrèlé

Ó ku ṣíìì àti iná yẹ́lò. Mo ti ra adáptà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ sítíàrìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò náà. Kóòdù ṣì ni P0171, ṣùgbọ́n kóòdù kọ́ ni mo ń wá lọ́tẹ̀ yìí, iye tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka afẹ́fẹ́ tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sì ń wọn epo tó bá a mu. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà lójú páìpù èéfín tó ń tọ́ ohun tó jáde wò. Tó bá rí i pé afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù, á ké sí brain box, ìyẹn á fi epo kún epo. Àfikún yìí ni fóònù ń fi hàn ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kó wà nítòsí òdo. Tó bá ti ń kọjá mẹ́wàá, nǹkan wà ńbẹ̀. Tèmi wà ní +24 nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo tẹ iná dé 2,500, ó bọ́ sí +6.

Iye méjì yìí ló dá sẹ́ńsọ̀ mi láre. Ká ní òun ló ń ka irọ́, kò sí ìdí tí irọ́ rẹ̀ fi máa kéré nígbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀. Ihò ló máa ń ṣe báyìí. Ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kà á. Mo-gbọ́-mo-yà ni. Tó bá wọ ibi ìkómọ tí èèyàn ogún wà, oúnjẹ ò ní kárí. Tó bá wọ ìgbéyàwó ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn, ta ló máa mọ̀?

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi rọ́bà gígùn kan tí a fi ń fa omi ṣe ohun èlò dókítà: orí kan létí mi, mo ń gbé orí kejì kiri. Mo kọ́kọ́ ṣi ariwo mìíràn mú, tíkí-tíkí-tíkí, ọkàn mi fò. Injector tó ń fọ́n epo ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dún nígbà tára rẹ̀ le. Mo ń bá a lọ. Nígbà tí mo dé ìdí rọ́bà tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó ti ìdérí ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ṣíìì náà kún etí mi. Rọ́bà fáàfù PCV ni. Òun ló ń dá èéfín ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè jó. Lókè, ó dán. Mo ki ìka sí abẹ́ ibi tó ti tẹ̀. Ó rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tó sè jù, ó sì ti là, ìka mi sì ń mọ bí ó ṣe ń fà á.

Mo fi àkísà wé ẹnu pílásì, mo fún rọ́bà náà pa. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń lọ sókè-sódò láti ọjọ́ yìí mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró ní 700. Mo tú u: 600, 900, 650. Mo tún fún un pa: 700. Mo ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìyàwó mi jáde wá béèrè kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nìkan.

Rọ́bà tuntun, 3,500 náírà, kílíìpù méjì wà lára rẹ̀. Mo yọ sẹ́ńsọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, mo dá ojúlówó padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń wà á lọ síṣẹ́, àfikún epo wà ní +3 tó bá dúró, +2 ní 2,500. Iná yẹ́lò kò tàn mọ́. Bí ẹnìkan bá ń wá sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ Corolla tí kò ní àbùkù kankan, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Sátidé, 8 Èrèlé. Máìlì 148,903

Mo gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, lọ àbọ̀, gbogbo fèrèsé wà ní títì, rédíò wà ní pípa. Mo gbọ́ táyà, mo gbọ́ atẹ́gùn, mo gbọ́ ọmọ mi lẹ́yìn tó ń béèrè pé ṣé a ti dé. Nígbà tí mo yà wọ àdúgbò wa, lórí bọ́ǹpù ẹnu géètì, mo gbọ́ nǹkan kan. Mo padà sẹ́yìn, mo tún gùn ún. Mo mú ìwé jáde.

Kíìn. Ẹ̀yìn, apá òsì. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan.